Wáyà tó ṣẹ́ kù nínú páálí UPS

Ìbéèrè tó wọlé nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ káàsán sà. Fọ́tò ìgbéyàwó ni mò ń yà, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Mo ní NAS Synology onídísíìkì méjì (àpótí tó ń tọ́jú fáìlì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé), inú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ mi wà. Nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀, mo ra UPS 650VA (àpótí bátìrì tó ń gbé iná nígbà tí iná bá lọ), mo ki NAS, router àti àpótí fáíbà bọ̀ ọ́. Lóṣù tó kọjá, iná lọ lóru. UPS gbé wọn fún bíi ìṣẹ́jú 50, ó ń pariwo, gbogbo wa ti sùn. Nígbà tó yá òun náà kú, NAS sì kú tẹ̀lé e. Iná dé láàárọ̀, NAS tàn, àmọ́ ó ń ké, ó ní wọn kò pa òun bó ṣe yẹ. Ṣé UPS burúkú ni wọ́n tà fún mi? Ṣé kí n ra èyí tó tóbi jù ú lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀nà wà tí kò fi ní máa pariwo bẹ́ẹ̀?”

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ iná. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Mo ti bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé ní ilé ayafọ́tò, ní ọ́fíìsì lọ́yà, àti nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan níbi tí wọ́n kó fídíò ìwàásù ọdún mẹ́wàá sí.

UPS yín kò burú. Ó jẹ́ gbogbo iṣẹ́ tí ẹ rán an. Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù gan-an ni ẹ kò rán an. Nínú páálí tó gbé e wá, wáyà kan wà tí kì í ṣe ti iná. Ẹnu rẹ̀ kan jẹ́ USB pẹlẹbẹ bíi ti fíláàṣì, ẹnu kejì jẹ́ onígun mẹ́rin bíi ti príńtà, tàbí kí ó jọ ti wáyà íntánẹ́ẹ̀tì. Mo lè búra pé inú páálí ló ṣì wà, lábẹ́ ìwé ìlànà tí ẹnikẹ́ni kò ṣí. Ẹ lọ wá páálí náà kí ẹ tó máa ka ìyókù.

Wáyà iná tí ẹ fi so NAS mọ́ UPS, iná nìkan ló ń gbé. Kò gbé ọ̀rọ̀. Nígbà tí NẸ́PÀ mú iná lọ lóru yẹn (orúkọ ti yí padà léraléra, NẸ́PÀ ni gbogbo wa ṣì ń pè é), UPS mọ̀, ó ń ké. Etí èèyàn ni ariwo yẹn wà fún. NAS kò létí. Ní tirẹ̀, iná wà dáadáa títí dé ìṣẹ́jú àáyá tí kò sí mọ́. UPS kàn sún ikú rẹ̀ síwájú fún ìṣẹ́jú 50 ni. Bí ẹ bá ra 3000VA lọ́la, yóò sún un síwájú fún wákàtí mélòó kan, ikú kan náà ni yóò sì kú.

Kí ló burú nínú kí NAS kú lójijì? Ẹ wo akọ̀wé àjọ kan tó ní ìwé méjì. Ohun tó bá kọ sí ìwé kìíní ló gbọ́dọ̀ kọ sí ìkejì, kí owó ẹgbẹ́ má baà dàrú bí ọ̀kan bá sọnù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni NAS onídísíìkì méjì ń ṣe: fọ́tò kan, ibi méjì. Akọ̀wé ti kọ “Ìyá Alákàrà, 5,000” sí ìwé kìíní, bó ṣe na bírò sí ìkejì ni àtùpà kú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìwé méjèèjì kò bá ara wọn mu mọ́. Èwo ni ẹ ó gbàgbọ́? Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún akọ̀wé ló ti kọ rárá. NAS máa ń kó iṣẹ́ jọ sínú mẹ́mórì kí ó tó kọ ọ́ sórí dísíìkì, torí pé mẹ́mórì yára ju dísíìkì lọ. Iná lọ, ohun tó wà nínú mẹ́mórì lọ. Ètò tí NAS fi ń to fáìlì sórí dísíìkì, bíi ext4 àti Btrfs, ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń tún ara wọn ṣe lẹ́yìn irú ikú bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí NAS yín fi tún tàn láàárọ̀. Ẹni tó bá ń lo dísíìkì mẹ́ta sókè ní RAID 5 ló yẹ kí ó bẹ̀rù jù, torí níbẹ̀ NAS ní ìṣirò kan tó fi ń tún dísíìkì tó bàjẹ́ kọ. Bí iná bá gé ìṣirò yẹn láàárín, ó lè dákẹ́ síbẹ̀ láìpariwo títí di ọjọ́ tí dísíìkì kan bá bàjẹ́ lóòótọ́, tí ẹ wá nílò rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan UPS rárá, ẹ wọ inú NAS, ẹ ṣí “Storage Manager”. Ẹ yẹ ìlera dísíìkì méjèèjì wò, ẹ ṣe àyẹ̀wò S.M.A.R.T. (èyí tí dísíìkì fi ń yẹ ara rẹ̀ wò) tó gùn, kì í ṣe èyí tó yá. Bí ó bá jẹ́ Btrfs ni ẹ yàn nígbà tí ẹ ń tò ó, ẹ tún ṣe “Data Scrubbing”. Yóò ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, yóò sì tún ohun tí kò bá mu ṣe. Ó lè gba odidi ọjọ́ kan. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ tí iná dúró.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí wáyà.

Ẹ yí ẹ̀yìn UPS sí iwájú. Ihò tó pọ̀ níbẹ̀ máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. USB pẹlẹbẹ tó bá wà lára rẹ̀, fóònù ni wọ́n sábà ṣe é fún, iná ló ń gbé, kò mọ ọ̀rọ̀ kankan sọ. Àwọn kan ní ihò méjì tó jọ ti wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ nípa tẹlifóònù tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí. Ìyẹn ń dáàbò bo wáyà náà lọ́wọ́ àrá ni, ọ̀rọ̀ UPS kò gba ibẹ̀ kọjá. Èyí tí ẹ ń wá ni USB onígun mẹ́rin bíi ti príńtà, tàbí ihò tí wọ́n kọ “Data Port” sí. Ti ọ̀pọ̀ UPS tí ilé iṣẹ́ APC ṣe jọ ihò íntánẹ́ẹ̀tì débi pé mo ti rí ẹni tó fi wáyà íntánẹ́ẹ̀tì so ó mọ́ router, tó ń dúró kí UPS yọjú lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kò lè yọjú. Ihò yẹn ní eyín mẹ́wàá, ti íntánẹ́ẹ̀tì ní mẹ́jọ. Wáyà tó bá a wá nìkan ló gbà.

Ẹni tó bá ra Smart-UPS ti APC, tòkunbọ̀, ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ibòmíràn, ẹ gbọ́ o: àwọn àtijọ́ inú wọn ní ihò serial oníhò mẹ́sàn-án, wáyà tirẹ̀ sì ṣe ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá ki wáyà serial lásán bọ̀ ọ́, UPS lè pa ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tó gbé.

Ẹ ki ẹnu kejì bọ ẹ̀yìn NAS ní tààrà. Ẹ má gba inú hub (àpótí tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) kọjá, torí hub tó bá ń gba iná láti ibòmíràn yóò kú nígbà tí iná bá lọ, ìgbà yẹn gan-an sì ni UPS nílò láti sọ̀rọ̀.

Bí ẹ ti wà lẹ́yìn UPS yẹn, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìlà sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó máa ń jẹ́ ọ̀wọ́ méjì. Ọ̀kan ní bátìrì lẹ́yìn, èkejì kàn ń dènà iná tó bá ya wọlé lójijì ni, bátìrì kò dé ibẹ̀. Ti yín dúró fún ìṣẹ́jú 50, nítorí náà ibi tó tọ́ lẹ wà, àmọ́ mo sọ ọ́ torí ẹni tí NAS rẹ̀ ń kú ní kété tí iná bá lọ, tó sì ń bú UPS. Ẹ má sì ki príńtà lésà tàbí fáànù bọ ìlà bátìrì. Lára 650VA, wáàtì tó lè gbé kò ju bíi 400 lọ, ó sì máa ń kéré sí i. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ti yín. Príńtà lésà nìkan lè mu ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ń gbóná.

Nígbà tí wáyà bá ti wọlé, ẹ lọ sí “Control Panel”, “Hardware & Power”, kí ẹ wá ojúewé “UPS”. Ẹ tẹ “Enable UPS support”, ẹ yan USB. Ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń fi ìròyìn UPS hàn. Bí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá jáde, tí ẹ rí iye bátìrì tó kù, wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ pa wáyà dà sí ihò USB mìíràn kí ẹ tó rò pé ó bàjẹ́. Ti NAS QNAP wà ní “Control Panel”, lábẹ́ “External Device”. TrueNAS àti ọ̀pọ̀ àwọn tí èèyàn ń tò fúnra rẹ̀ ń lo NUT, sọ́fítíwìa ọ̀fẹ́ tó ń bá UPS sọ̀rọ̀, tí Russell Kroll bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. NUT kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú Synology yín, wọ́n kàn wọ aṣọ fún un ni.

Ohun tó kàn ni iye ìṣẹ́jú tí NAS yóò fi dúró kí ó tó wọ ohun tí Synology ń pè ní “Safe Mode”. Níbẹ̀ ni yóò ti pa gbogbo iṣẹ́ dé, yóò kọ ohun tó wà nínú mẹ́mórì sórí dísíìkì, akọ̀wé yóò pa ìwé méjèèjì dé, á jókòó tì wọ́n. Wọ́n ti yàn án fún yín tẹ́lẹ̀ pé kí ó dúró títí bátìrì yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Èmi kò fara mọ́ ọn nílẹ̀ wa, ìdí mi sì jẹ́ méjì.

Ìkíní, bátìrì inú UPS kékeré jẹ́ ti òjé, 12 fóòtì, 7Ah ló wọ́pọ̀. Fún ìpèsè pàjáwìrì ni wọ́n ṣe é, kì í ṣe fún lílò tán lójoojúmọ́ bíi ti inverter. Ní ìlú tí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Bí ẹ bá ń fà á gbẹ lójoojúmọ́, oṣù mélòó kan ni. Ìkejì, bátìrì tó ti gbó máa ń purọ́. Yóò ní òun ku ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì á já bọ́ sí òfo. NAS tó ń dúró de “bátìrì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán” lè máà rí ààyè pa ìwé dé.

Ẹ ka ìṣẹ́jú tó máa ń gbà láàárín ìgbà tí iná bá lọ àti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ yín yóò gbé. Ẹni tó máa lọ wá ṣọ́kọ́, tó máa fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó dáhùn, ẹ kà á mọ́ ọn. Ká ní ó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ fi márùn-ún sí NAS. Iná tó bá lọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún tí jẹnẹrétọ̀ kò sì dáhùn, kò ní dé kíákíá, kí NAS máa sùn lọ ló dára. Wọ́n ti ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó ń san owó iná tó wọ́n jù. Ká tilẹ̀ ní wọ́n mú un ṣẹ délẹ̀délẹ̀, wákàtí mẹ́rin tó kù nínú ọjọ́ pọ̀ ju agbára 650VA lọ. Bí bátìrì bá lọ sílẹ̀ jù kí ìṣẹ́jú yín tó pé, NAS kò ní dúró, yóò wọ Safe Mode lójú ẹsẹ̀.

Lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí àyè kan tó ń béèrè bóyá kí NAS pa UPS nígbà tó bá wọ Safe Mode. Ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́, NAS tó ti pa ìwé dé yóò ṣì máa mu iná díẹ̀díẹ̀, títí bátìrì yóò fi gbẹ, ohun tí a ń sá fún gan-an. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, UPS yóò gé iná kúrò lára gbogbo ohun tó gbé. Nígbà tí NẸ́PÀ bá dé, UPS yóò tún tan ara rẹ̀, NAS yóò rí iná, òun náà yóò tàn, bí ẹ bá ti tẹ ìtànpadà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá dé sí “General” ní ojúewé kan náà. Èyí ni mo fẹ́ fún yín. Àmọ́ ẹ rántí pé router àti fáíbà yín wà lórí UPS kan náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, íntánẹ́ẹ̀tì yóò lọ. Ẹ yọ àwọn méjèèjì kúrò, ẹ ra UPS kékeré tí wọ́n ń tà fún router, tó ń gbé 9 tàbí 12 fóòtì jáde ní tààrà. Kò wọ́n, ó sì lè gbé router fún wákàtí mélòó kan, torí router kì í mu tó wáàtì 15. Ẹ kàn rí i pé fóòtì rẹ̀ bá èyí tí wọ́n kọ sí ìdí ṣájà router yín mu.

Ẹ ní kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣe àtúnṣe fọ́tò? UPS ní wáyà ọ̀rọ̀ kan péré, NAS ló sì ti gbà á. NAS lè máa sọ ohun tó gbọ́ fún àwọn yòókù lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì: ẹ tẹ “Enable network UPS server”, ẹ kọ nọ́ńbà IP kọ̀ǹpútà náà sí àwọn tó láṣẹ. Synology mìíràn yóò gbọ́ ọ láìsí wàhálà. Kọ̀ǹpútà tó bá ní NUT yóò wá a ní port 3493, orúkọ UPS ni “ups”, orúkọ ẹni tó ń wọlé ni “monuser”, ọ̀rọ̀ aṣínà ni “secret”. Ẹ rí i pé àṣírí yẹn kì í ṣe àṣírí rárá, gbogbo Synology ló ń lò ó. Ẹ má ṣí port yẹn sí íntánẹ́ẹ̀tì lóde. Router tàbí switch tó wà láàárín wọn gbọ́dọ̀ ní bátìrì tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ kò ní dé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dán an wò. Ìdánwò yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe, òun ló sì jù nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ. Ẹ jẹ́ kí UPS gba iná fún odidi ọjọ́ kan. Ẹ rí i pé kò sí fọ́tò tó ń wọlé lọ́wọ́. Ẹ pa iná ní súwíìṣì sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, ẹ má fa púlọ́ọ̀gì yọ, kí wáyà ilẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀. Ẹ di aago mú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún NAS yẹ kí ó wọ Safe Mode, lẹ́yìn náà kí UPS gé iná. Ẹ dúró díẹ̀, ẹ tan súwíìṣì, kí ẹ wo bóyá gbogbo rẹ̀ padà fúnra rẹ̀. Ọ̀nà kan tún wà tí iná wa máa ń gbà dán èèyàn wò: ó dé, ó lo ìṣẹ́jú méjì, ó tún lọ. NAS ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, bátìrì kò tíì gba nǹkan. Ẹ dán ìyẹn náà wò. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá pọ̀ jù fún bátìrì nírú àkókò yẹn, ẹ dín in sí mẹ́ta.

Ẹ kò sọ bóyá ẹ ní inverter. Bí ẹ bá ní in, ẹ ó máa rò pé UPS kò wúlò mọ́. Inverter ń gbé ilé, òótọ́ ni, àmọ́ kò bá NAS sọ̀rọ̀. Bátìrì rẹ̀ tán ní aago mẹ́rin òru, ẹ padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ki UPS bọ iná inverter, kí NAS wà lára UPS. Bí inverter bá tán, UPS yóò mọ̀, yóò wí fún NAS, ìṣẹ́jú márùn-ún yín yóò bẹ̀rẹ̀. Inverter náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti pure sine wave. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tí iná wọn gún bí àtẹ̀gùn, UPS lè rò pé NẸ́PÀ burúkú ni, kí ó kọ̀ ọ́, kí ó sì máa ná bátìrì tirẹ̀ nígbà tí gílóòbù ń tàn lórí yín.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré náà ní irú ìwà yìí. Nígbà tí fìríìjì bá gbéra, ohùn ẹ́ńjìnì yóò wálẹ̀, iná yóò mì, UPS yóò dún “ká”, á lọ sórí bátìrì, á padà, á tún lọ. Púpọ̀ nínú UPS ní ètò tí a fi ń dín ìfura wọn kù, ìwé ìlànà inú páálí yẹn yóò sọ bọ́tìnì tí ẹ ó dì mú. Ẹ fi sí ibi tó kéré jù. Bákan náà ni nígbà tí NẸ́PÀ bá gbé iná tó rẹ̀ wá, tí gílóòbù pọ́n bí ẹyin ojú ẹlẹ́mu. Iná tó yẹ kó jẹ́ 230 fóòtì ti wálẹ̀ sí 150, UPS sì ti lọ sórí bátìrì. Bí NAS bá kú nígbà yẹn, ẹ má sọ pé ó ya wèrè torí iná wà. Ní ti UPS, iná kò sí.

Ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà: UPS tí wọ́n bá rà ní Houston, 120 fóòtì ló ń jẹ. Bí ẹ bá ki í bọ ògiri wa ní tààrà, òórùn ni yóò kọ́kọ́ ki yín. Kí wọ́n fi owó ẹrù ọkọ̀ òfúrufú ránṣẹ́, kí ẹ ra ti 230 níbí. Ti ìlú Ọba kò ní wàhálà yìí.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé UPS òun kò ní ihò ọ̀rọ̀ kankan, ọ̀pọ̀ àwọn olówó kékeré ni kò ní. Bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ẹ wá router àtijọ́ kan tí ẹ kò lò mọ́, ẹ ki í bọ ògiri ní tààrà, láìgba UPS kọjá, kí ẹ fi wáyà so ó mọ́ router tó ní bátìrì. Ẹ pa DHCP rẹ̀, kí ó má baà máa pín nọ́ńbà fún ilé, ẹ fún un ní nọ́ńbà IP tí kì í yí padà. Ẹ wá ní kí NAS máa pè é ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan nípasẹ̀ “Task Scheduler”. Bó bá dáhùn, NẸ́PÀ wà. Bó bá kùnà nígbà márùn-ún léra wọn, kí NAS pa ara rẹ̀. Ìlà mélòó kan ni ìwé àṣẹ yẹn; ọ̀dọ́mọdé tó bá mọ Linux á kọ ọ́ fún yín kí omi iyán tó hó. Àléébù rẹ̀ ni pé NAS kò lè rí bátìrì, kò sì lè sọ fún UPS pé kí ó gé iná. Bí iná bá dé padà lẹ́yìn tí NAS ti pa ara rẹ̀, kí bátìrì tó tán, ẹ ó fọwọ́ tan án ni. Èyí sàn ju òfo lọ, kò tó wáyà.

Nígbà tí ẹ bá ṣe tán, ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ ara UPS, ẹ kọ ọjọ́ tí bátìrì wọlé sí i. Ẹ má gbé e sí ẹ̀yìn fìríìjì tàbí inú kọ́bọ́ọ̀dù tí afẹ́fẹ́ kò dé, torí ooru ni ọ̀tá bátìrì òjé: bí ó bá fi bíi ìwọ̀n mẹ́wàá kọjá 25 lórí Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, ẹ̀mí rẹ̀ dín kù sí ìdajì. Yàrá wa lọ́sàn-án oṣù Kẹta kọjá ìyẹn dáadáa. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ẹ tún ṣe ìdánwò súwíìṣì. Bí ìṣẹ́jú 50 tẹ́lẹ̀ bá ti di 15, ẹ pààrọ̀ bátìrì nìkan. Ọ̀pọ̀ UPS ṣeé ṣí fún un, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta òmíràn fún yín.

Fọ́tò ìgbéyàwó tí ẹ ti gba owó rẹ̀, ẹ ní ẹ̀dà kẹta rẹ̀ níbòmíràn, lórí dísíìkì tí ẹ fà yọ tí ẹ gbé sílé ìyá yín. UPS kò mọ olè, kò sì mọ ọwọ́ tó ṣèèṣì tẹ “Delete”.

Ní ti ariwo: àwọn UPS kan ní bọ́tìnì tí wọ́n kọ “Mute” sí. Lára àwọn mìíràn, NUT lè pa á láti orí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àṣẹ “beeper.disable”, bí UPS náà bá gbà fún un. Ẹ jẹ́ kó máa ké títí ẹ ó fi ṣe ìdánwò méjì tó yọrí sí rere. Lẹ́yìn náà ẹ lè pa á, kí ẹ máa sùn.